Ẹ Gbé Agolo Wàrà Kúrò Lórí Ẹní Ìsọmọlórúkọ

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní ilé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, a kì í lọ ní ọwọ́ òfo. Aṣọ wà nínú ẹrù wa, ọṣẹ wà níbẹ̀, owó àpò ẹgbẹ́ sì wà nínú àpòòwé. Ṣùgbọ́n ohun tí a máa ń gbé síwájú, tí a ń fi ọ̀já aláwọ̀ pupa dì kí gbogbo ojú lè rí i, ni páálí agolo wàrà oníyẹ̀fun, èyí tí wọ́n ya ọmọ ehoro tó ń rẹ́rìn-ín sí lára. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ fún wa, kò sì sí nínú ìwé òfin ẹgbẹ́. A rò pé ẹ̀yẹ ni.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwa tí a ń ṣe àkójọ ìwé ìròyìn yìí dìde, a sọ pé kí ẹgbẹ́ má ṣe fi owó àpò ra agolo wàrà fún ọmọ tuntun mọ́. Ilé gbóná. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú, ẹnì kan sì béèrè ìgbà tí ẹgbẹ́ àṣà di ilé ìwòsàn. Nítorí pé a kò rí àyè sọ gbogbo ohun tó wà nínú wa lọ́jọ́ náà, a kọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín, kí ẹni tó bá fẹ́ bá wa jà lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn. Kí ni ẹgbẹ́ àṣà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọmú ṣe? Ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì tẹ́tí sí èdè tirẹ̀ dáadáa. Nínú agbo ilé wa, níbi tí bàbá ti fẹ́ ìyàwó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, báwo ni a ṣe ń ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀? Ọbàkan ni àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ ìyá ni àwọn tó mu ọmú kan náà, okùn tó so àwọn wọ̀nyí pọ̀ ni gbogbo wa sì gbà pé ó yi jù. Bí ọ̀rọ̀ bá le, tí ìyá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé eré ti parí, ọmú tí ọmọ náà mu ni ó máa ń dárúkọ, kì í ṣe ilé tó kọ́ fún un tàbí owó ilé ìwé tó san. A kì í sì í pe obìnrin ní abiyamọ nítorí pé ó bímọ nìkan. Abiyamọ ni ẹni tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọ wà láyà rẹ̀, tí kì í gbọ́ ẹkún ọmọ kí ó má tatí were. Èdè tó gbé ìbátan ka orí ọmú báyìí ni èdè tí ẹgbẹ́ wa sọ pé òun ń dáàbò bò.

Kí a wá sọ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní Kétu àti káàkiri ilẹ̀ wa, ọkùnrin ni ó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó, ṣùgbọ́n ọmú igi ni a ń gbẹ́ so mọ́ ọn láyà kí ó lè dà bí ìyá, nítorí pé àwọn ìyá ni a fi ijó náà júbà. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún iyebíye tí gbogbo ènìyàn àgbáyé jọ ni, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Inú wa dùn, a sì fi yangàn. Àwa kan náà tí a ń fi ọmú igi yangàn lójú àgbáyé ni a ń gbé agolo fún ìyá tí ọmú rẹ̀ kún. Bí èyí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣà, kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ àṣà wá fi hàn wá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí yóò fẹ́ ẹ̀rí, wọ́n sì jàre. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́. Wàrà tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́yìn ìbí kò pọ̀, ó ki, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí inú ẹyin. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni ó máa ń ní kí a fún un dànù, nítorí pé, ní èrò tiwọn, ó ti pẹ́ jù nínú ọmú, ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tí ìyá ti kó jọ láti inú gbogbo àìsàn tó ti bá jà rí ló wà nínú rẹ̀, fítámì A sì pọ̀ níbẹ̀. Ó kéré nítorí pé ikùn ọmọ tuntun náà kéré. Àjẹsára àkọ́kọ́ tí ọmọ ń gbà nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí àjọ OMS fi ń sọ pé kí a gbé ọmọ sí ọmú láàárín wákàtí kan lẹ́yìn ìbí, kí a má fún un ní ohunkóhun mìíràn fún oṣù 6, àti omi pàápàá, kí a sì máa fún un lọ́mú nìṣó pẹ̀lú oúnjẹ títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi pàápàá! Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti gbóná jù ní ìpàdé. Bàbá kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ pé ọmọ tuntun àlejò ni, àti pé kò sí ilé Yorùbá kan tí a ti ń gba àlejò láìfún un lómi. Ọ̀rọ̀ náà dùn, a pàtẹ́wọ́ fún un, àwa náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú wàrà ìyá: bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 87 nínú rẹ̀ ni omi. A ti fún àlejò lómi. Omi tó mọ́ jù nínú gbogbo ilé ni a fún un, nítorí pé kò gba inú kànga kọjá, kò gba inú kèrègbè tàbí ike kọjá, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì kàn án. Kódà nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń sán, ọmọ tó ń mu ọmú bó ṣe fẹ́ kò nílò omi mìíràn.

Àwọn ìyá wa kò kúkú dúró lórí omi. Wọ́n ń fún ọmọ lágbo, wọ́n sì ń rọ ọ́: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ìgbá sí i lẹ́nu, wọ́n á máa da agbo tàbí ẹ̀kọ sí i títí yóò fi gbé e mì pẹ̀lú ẹkún. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ èyí ni a rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ikùn ọmọ tí agbo kún kò ní àyè fún ọmú mọ́, ọmú tí a kò sì mu kì í sun dáadáa, nítorí pé bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú ni ara ìyá ṣe ń ṣe wàrà. Nítorí náà, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ: ìyá àgbà fún ọmọ lómi, ọmọ fa ọmú díẹ̀, wàrà dín kù, ọmọ sunkún, ilé sọ pé ọmú ìyàwó yìí kò tó, bàbá ọmọ sì sáré lọ ra agolo. Nígbà tí agolo bá dé, ọmọ ń fa ọmú díẹ̀ sí i, títí ọmú yóò fi gbẹ ní tòótọ́. Nígbà náà ni gbogbo ilé yóò wí pé, àwa kò sọ bẹ́ẹ̀? Àwa ọwọ́ wa la fi gbẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ fò, nítorí pé ẹgbẹ́ wa gan-an ni ó kàn. Ní ọjọ́ kẹjọ, a ń fi omi, iyọ̀ àti oyin kan ọmọ lẹ́nu, a sì ń wúre lé e lórí. Oyin kò dára fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan: kòkòrò kan lè sápamọ́ sínú rẹ̀ tí kò lè ṣe àgbà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó lè sọ iṣan ọmọ ọwọ́ di aláìlágbára débi pé kò ní lè mí. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó le. Ṣé kí a wá pa ìsọmọlórúkọ tì? A kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní a sọ bẹ́ẹ̀ ń purọ́ mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Ìwúre ni. Kí ìyá tọ́ oyin wò ní orúkọ ọmọ, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni ọmọ fi ń jẹun ní báyìí. Kí bàbá tọ́ ọ wò. Kí a gbé àwo náà yí ká fún gbogbo àwọn tó jókòó, bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé kan wà tí a mọ̀ ní Àjàṣẹ́ tó jẹ́ pé iwájú orí ọmọ nìkan ni àgbà ibẹ̀ ń fi ìka kàn. Orúkọ ọmọ wọn kò tíì já bọ́ nítorí èyí.

Kí a padà sí agolo. Ẹni tó sọ ní ìpàdé pé agolo wàrà jẹ́ àmì ọ̀làjú kò mọ ọjọ́ orí ìjà yìí. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ọmọ Jàmáíkà, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, láti ọdún 1929. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn Gá, kwashiorkor, tí wọ́n fi ń pe àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn, gbogbo àgbáyé sì ń fi ọ̀rọ̀ Gá náà pè é títí dòní. Ohun tí ìyá Gá ti mọ̀, tó sì ti fún lórúkọ, ni oyinbo lọ kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún 1939, obìnrin kan náà dìde ní Singapore níwájú àwọn oníṣòwò ńlá, ó sì sọ pé ìpànìyàn ni fífi wàrà dídì aládùn tan àwọn ìyá jẹ. Agolo náà kì í ṣe nǹkan tuntun, ìkìlọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní ọdún 1974, àjọ War on Want ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń polówó wàrà oníyẹ̀fun láàárín àwọn tálákà: ìyá tí kò ní omi tó mọ́, tí kò ní igi ìdáná tó pọ̀ tó, tí kò lè ka ohun tí a kọ sára agolo, tí ó sì ń fi omi la wàrà kí agolo kan lè pẹ́. Ní ọdún 1977, àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ra ọjà Nestlé nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kàrún-ún ọdún 1981, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní Genève, wọ́n sì fọwọ́ sí Òfin Àgbáyé lórí títa àwọn ohun tí a fi ń rọ́pò wàrà ìyá. Orílẹ̀-èdè 118 gbà, 3 kò dá sí i, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kọ̀: Amẹ́ríkà. Òfin náà ní kí oníṣòwò má polówó ọjà yìí fún ará ìlú, kí ó má fún ìyá ní ìtọ́wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó má sì ya àwòrán ọmọ sára agolo. (Ẹ̀yin náà rí i báyìí pé ọmọ ehoro kò ṣàdédé dé ibẹ̀.) Ìjọba Benin náà gbé àṣẹ tirẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní òpin ọdún 1997.

Ẹ dúró ná, kí ẹ ro èyí wò. Òfin kọ̀ fún oníṣòwò kí ó má gbé agolo fún ìyá ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa wá dìde, a fi owó ara wa ra á lọ́wọ́ oníṣòwò, a fi ọ̀já pupa dì í, a gbé e fún ìyá ọmọ lójú gbogbo ẹbí, a sì lu ìlù sí i. Iṣẹ́ tí òfin gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa ń bá a ṣe é, a kò sì gba owó iṣẹ́.

Ìdí tí a fi dìde ní ìpàdé kì í ṣe ìwé tí a kà nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ ni, bímọ ní ọdún tó kọjá. Nígbà tí ìsinmi rẹ̀ parí, tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa sáré lọ fún ọmọ lọ́mú nílé ìyá òun tí kò jìnnà. Ọ̀gá náà sọ fún un pé ilé ìwé kì í ṣe ilé ìtọ́jú ọmọ. Kò mọ̀ pé òfin wà pẹ̀lú òun. Òfin iṣẹ́ ní Benin, Òfin 98-004 ti ọdún 1998, fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 14 ìsinmi ìbímọ, ó sì fún un ní àyè tó tó wákàtí kan lójoojúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, fún oṣù 15 láti ọjọ́ ìbí. Oṣù 15! Mélòó nínú wa ló mọ̀? Àwa tí a jẹ́ agbẹjọ́rò, olùkọ́ àti akọ̀wé nínú ẹgbẹ́ yìí, ta ni ó sọ fún un? Ó ń fún ọmú dànù sílé ìyàgbẹ́ nígbà ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé, wàrà sì ń ro sí aṣọ rẹ̀ níwájú kíláàsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ṣí agolo. Agolo tí ó kọ́kọ́ ṣí ni èyí tí a gbé lọ síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Nígbà tí páálí wa tán, tí owó oṣù kò tíì dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín ṣíbí kù. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà, ó sì lo ọjọ́ márùn-ún ní ilé ìwòsàn. Ó yè. A lọ kí i, a gbé ọsàn dání, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó lè wo ojú ìyá rẹ̀ tààrà.

Àwọn tó ń ṣòwò ní Dántọkpá sàn díẹ̀ ní ti èyí, nítorí pé ìyá gbé ọmọ pọ̀n dé ìdí igbá, bó bá sì ké, ó fà á wá síwájú. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí irun ṣíṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ó wà nínú ìdè, òfin 1998 kò sì sábà dé ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí jẹ́ ìyá, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yin ni à ń bá wí.

A ti sọ ti ọmọ púpọ̀, ìyá ńkọ́? Nígbà tí ọmọ bá fa ọmú lẹ́yìn ìbí, ilé ọmọ ń sún kì, ẹ̀jẹ̀ sì ń dín kù. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ti gbé lọ ní ilẹ̀ wa. Obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú nìkan, tọ̀sán-tòru, tí kò tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀, kò wọ́pọ̀ kí ó lóyún láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́: kò tó obìnrin 2 nínú 100 tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn bàbá wa tó ní kí ọkọ jìnnà sí ìyàwó títí a ó fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń dáàbò bò. Fífún ọmọ lọ́mú tún ń dín àrùn jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin kù. Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní Lancet ṣírò pé bí fífún ọmọ lọ́mú bá gbilẹ̀ dé ibi tó yẹ ní gbogbo àgbáyé, a ó gba ẹ̀mí ọmọ 823,000 là lọ́dọọdún, àti ti ìyá 20,000 tí jẹjẹrẹ ọmú ìbá pa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwé yìí na obìnrin tí ọmú rẹ̀ kò sun nítorí àìsàn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú nígbà ìbí, ìyá tí oníṣègùn ní kó má fún ọmọ lọ́mú, àwọn wọ̀nyí ni agolo wà fún ní tòótọ́, wọ́n sì yẹ fún ìrànlọ́wọ́ owó àti omi gbígbóná, kì í ṣe èébú. Ìyá tó ní kòkòrò HIV pàápàá, bó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, àwọn oníṣègùn ń kọ́ ọ bí yóò ṣe fún ọmọ lọ́mú láìséwu. Kí ó gbọ́ tiwọn, kó má gbọ́ ti àdúgbò. Ìjà wa kò kan ìyá kankan. Àpò ẹgbẹ́ ni a ń bá jà.

Ohun tí a ó gbé wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí, kí olúkúlùkù sì ti múra èsì rẹ̀. Owó tí à ń fi ra páálí agolo, kí a máa fi ra oúnjẹ fún ìyá: ẹja, ẹ̀wà, ẹyin, epo pupa, àti ọ̀já tuntun tí yóò fi gbé ọmọ pọ̀n. Kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ pín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ láàárín ara wọn, kí àwọn ọkùnrin náà bá wọn pín in, kí ẹnì kan máa lọ fọ aṣọ kí ó sì se oúnjẹ nílé abiyamọ, kí ó lè jókòó fún ọmọ lọ́mú. Kí àwọn agbẹjọ́rò wa kọ òfin wákàtí kan yẹn ní Yorùbá àti Faransé sínú ìwé pélébé kan, kí a fi sínú àpòòwé ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú owó. Bí ọ̀gá iṣẹ́ kan bá sì tún lé ọmọbìnrin wa padà, kí ènìyàn méjì láti inú ẹgbẹ́ tẹ̀lé e lọ síwájú ọ̀gá náà ní ọjọ́ kejì. Àwa méjì nínú àwọn tó kọ ìwé yìí ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìyẹn.